Lẹ́tà Tó Tẹ̀ Tí Kò Ṣubú

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni Àǹtí Lẹ́tà. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, orúkọ náà sì yẹ wọ́n, torí wọn kì í lè kọjá níwájú pátákó ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n má dúró. Wọ́n lè ní kó o sin àwọn lọ ra ọṣẹ ní ìparí òpópónà, kí ẹ sì pẹ́ lọ́nà torí S kan tí ikùn ẹ̀ tóbi ju orí ẹ̀ lọ. "Wò ó bó ṣe jókòó," ni wọ́n á wí. "Ó ti jẹun yó, kò lè dìde mọ́."

Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ omidan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà yẹn, òjé ni lẹ́tà. Ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ á dúró níwájú àpótí gbọọrọ tí wọ́n pín sí ojúlé-ojúlé, á máa ṣa lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, á sì máa kà á sódì, torí bí nǹkan ṣe máa ń rí nínú dígí ni ojú òjé ṣe rí. Ọwọ́ Àǹtí yá débi pé wọ́n lè máa bá èèyàn jà kí wọ́n sì to odindi ojú ìwé láìṣì. "Ẹnu mi ló ń jà," ni wọ́n máa ń wí, "ọwọ́ mi ò bá ẹnikẹ́ni jà." Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n kó òjé fún àwọn alágbẹ̀dẹ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbalé lọ. Àǹtí dúró. Wọ́n fi wọ́n sídìí yíyẹ iṣẹ́ wò: ohunkóhun tó bá máa jáde nílé iṣẹ́ náà, ojú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án.

Ilé iṣẹ́ yìí ló tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó mi. Lórí ìwé náà, ọ̀rọ̀ akọ̀wé ìjọba tó máa so wá pọ̀ wà ní lẹ́tà tó dúró ṣánṣán. Tèmi àti ti ọkọ mi wà ní lẹ́tà dúdú tó sanra, tó tẹ̀ sápá ọ̀tún, kí ojú wa lè tètè bá a. Yàrá náà kún fọ́fọ́. Omi ti gba ojú mi. Bí akọ̀wé ṣe ní kí n ka tèmi, ohun tí mo rí lórí ìwé ni mo kà:

"Mo fọ́ ọ lónìí, níwájú gbogbo èèyàn."

Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Ọkọ mi, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀, wò mí, ó ní, "Kò burú. Wọn á tò mí pa dà." Ni ẹ̀rín bá bẹ́. Akọ̀wé ìjọba fi ìwé bojú. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àga mú. Èmi náà padà rẹ́rìn-ín, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe yẹ, mo ní mo fẹ́ ẹ, wọ́n sì so wá pọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Àǹtí Lẹ́tà. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n ń wò ó bí dókítà ṣe máa ń wo àwòrán eegun. Wọ́n fi èékánná tọ́ka sí i fún mi. Ẹnu lẹ́tà ẹ tó wà nínú "fẹ́" ti dí. Ọ̀dà ti kún un, ó ti di ọ pátápátá. Àwọn àmì ohùn tó kù sì ti sún kúrò lórí ẹni tó ni wọ́n, wọ́n wà láàárín lẹ́tà méjì bí ọmọ tí kò mọ ilé tó máa wọ̀.

"Èmi yẹ ìwé yìí wò," ni wọ́n wí. "Bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kọ́ nìyí."

Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé nígbà náà ni ọmọ ọ̀gá àtijọ́. Irun ẹ̀ ti ń funfun, síbẹ̀ Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Àǹtí ti pọ̀n ọ́n rí, nígbà tí bàbá ẹ̀ máa ń gbé e wá síbi iṣẹ́. Wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀ níwájú ẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí lẹ́yìn mi?"

Ọ̀gá Kékeré wò ó, ó fọwọ́ pa irun. "Èmi ni, Àǹtí. Ó dúró ṣánṣán nígbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ò yàtọ̀ tó. Mo bá ní kí kọ̀ǹpútà mú un sanra, kó tẹ̀ ẹ́."

"Lẹ́tà wo ló lò?"

"Kò sí òmíràn. Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ tí à ń lò yìí, èyí tó dúró nìkan ni wọ́n ya àmì tiwa sí. Tá a bá fẹ́ èyí tó sanra tó sì tẹ̀, ẹ̀rọ ló ń dọ́gbọ́n sí i. Á ti èyí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá da ọ̀dà lé e."

Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ tó ń wí yìí ni èyí tó ní igi tín-ín-rín lókè àti nísàlẹ̀ òpó ẹ̀, bíi bàtà tó wọ̀. Irú lẹ́tà tó wà nínú ìwé kíkà ni.

"Ẹni tí wọ́n tì ṣubú," ni Àǹtí wí, "ṣé ẹni tó ń sáré nìyẹn?"

Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni, ó ní ohun tó jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ya lẹ́tà tó tẹ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn, pé a rẹ̀ kì í jọ a tó dúró, f rẹ̀ sì máa ń na ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó fa ìwé àtijọ́ kan yọ lórí pẹpẹ, ó fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tó pe ní àpárá: "Àǹtí, ẹ yáa ya tiwa nígbà náà."

Àǹtí ò gbà á ní àpárá. Wọ́n yá ìwé náà, wọ́n gbé e lọ sílé.

Ilé wọn wà ní àjà kejì, yàrá méjì àti pálọ̀ kan tí tábìlì oúnjẹ gbà tán. Orí tábìlì yẹn ni wọ́n sọ di ibi iṣẹ́. Páálí funfun ni wọ́n ń lò, lẹ́tà kan lórí páálí kan, tó ga tó àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà á, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ kun ún ní dúdú. Ọkọ wọn, Bàbá Dírẹ́bà, ló ń gé páálí. Bàbá ti wa bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn títí ọjọ́ orí fi ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹnu wọn ò sì tíì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lè bá ògiri sọ̀rọ̀ kí ògiri dáhùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá àwọn méjèèjì nídìí iṣẹ́ náà, mo béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ lẹ́tà tó tẹ̀ ni wàhálà wọn.

"Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́," ni Bàbá dáhùn. "Kí ni kò ní tẹ̀ níbẹ̀?"

Àǹtí ju ìrésà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ lù wọ́n.

Ṣùgbọ́n Bàbá yìí náà ló wá di ojú kejì fún wọn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Àǹtí parí ni n. Inú wọn dùn sí i, wọ́n gbé e ti ògiri. Bàbá wò ó, wọ́n gbé orí sọ́tùn-ún, wọ́n gbé e sósì.

"Ó dà bí ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ẹ̀ ti jò."

"Kí lẹ mọ̀ nínú lẹ́tà?"

"Mi ò mọ nǹkan kan nínú lẹ́tà. Mo mọ kọ́nà. Tí ọkọ̀ bá ń gé kọ́nà, á tẹ̀, àmọ́ táyà gbọ́dọ̀ di ilẹ̀ mú. Èyí ò di ilẹ̀ mú. Ó fẹ́ ṣubú lù mí ni."

Àǹtí bínú, wọn ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi jinná. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n tún wo n náà, wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú jù fún ara tó gbé. Wọ́n na ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì mú kí ẹ̀yìn ẹ̀ fúyẹ́. Ọ̀gá Kékeré náà rí àṣìṣe mìíràn nígbà tí wọ́n gbé díẹ̀ lọ fún un: wọ́n ti mú gbogbo ibi sanra. Ó ní, "Àǹtí, ibi tó tín-ín-rín ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ibòmíì sanra. Tí gbogbo wa bá ń pariwo, ta ló máa gbọ́ ta?" Àǹtí gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n da gbogbo ohun tí wọ́n ti yà nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí a.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni àwọn àmì. Lára lẹ́tà tó tẹ̀, àmì ohùn òkè máa ń dorí kọ ibi tí lẹ́tà fúnra ẹ̀ dorí kọ, tó bá sì ti sanra, á lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ò ní rí i mọ́. Àǹtí tẹ́ ẹ sílẹ̀ díẹ̀, ó yọ. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ ń lọ sódìkejì, ó ń yọ jù, ó dà bí ẹni ń da lẹ́tà dúró lọ́nà. Wọ́n gé e kúrú. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ò lè wà láàárín gẹ́lẹ́, torí ìdí lẹ́tà tó tẹ̀ ti lọ sápá òsì. Tẹ́ ẹ bá fi sáàárín, ó máa dà bíi pé ó bọ́ sílẹ̀ lápò ẹnì kan. Wọ́n sún un tẹ̀ lé ìdí. Ti g àti b tó máa ń tẹ̀ léra nínú ọ̀rọ̀ wa ńkọ́? Àǹtí ní tọkọtaya ni wọ́n, kò yẹ kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín wọn kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ìrù g fún b lọ́rùn. Mo rántí ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ pé gb nìkan ni wọ́n ń yà. Bàbá Dírẹ́bà kó wọn jọ, wọ́n tò wọ́n sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, wọ́n ń kí wọn bí àlejò.

Àǹtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya gbogbo lẹ́tà náà tán nígbà tí Bàbá ṣubú nílé ìwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ pátápátá. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, Àǹtí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bíńtín ọ̀dà dúdú ṣì wà létí èékánná wọn. Bàbá ń wo òkè àjà. Ohùn kan ń jáde lọ́fun wọn, kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin. Mi ò rò pé mo lè rí ọjọ́ tí wọ́n á dákẹ́, ọjọ́ tí mo rí i, ó dùn mí wọ eegun.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ṣàlàyé fún wa pé, "Ọ̀rọ̀ wà nínú wọn o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ló ń yé wọn. Ẹnu ni ò gbé e jáde. Ẹ ní sùúrù." Ó fún wa ní páálí tí wọ́n ya ife, àwo àti ṣálángá sí, pé kí Bàbá máa tọ́ka sí ohun tí wọ́n bá fẹ́. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àgbàlagbà tó ti wakọ̀ gba òru àti òjò kọjá, kí wọ́n wá máa fi àwòrán ife hàn án bí ọmọ ọwọ́.

Wọ́n gbé wọn wálé. Àǹtí kó gbogbo páálí lẹ́tà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò wò ó mọ́. Ọ̀gá Kékeré wá kí wọn, ó rọra béèrè bóyá iṣẹ́ yẹn á tẹ̀ síwájú. Àǹtí ní, "Ta ni mo fẹ́ yà á fún? Ẹni tó máa bú u ò lè sọ̀rọ̀." Ọ̀gá Kékeré ò tún béèrè mọ́. Ó kàn tẹ páálí ọ̀rọ̀ fún wọn dípò àwòrán: omi, oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni, rárá, ó ń dùn mí, ẹ ṣeun. Lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, tó mọ́ dáadáa.

Bàbá gba èyí. Wọ́n á fi ìka òsì tọ́ka, Àǹtí á ṣe é. Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èmi náà wà níbẹ̀, Àǹtí ń gbìyànjú láti fún wọn ní ògì tí kò dùn. Bàbá tọ́ka sí "rárá." Àǹtí ní, "Ẹ kàn tọ́ ọ wò." Bàbá tún tọ́ka sí "rárá." Àǹtí gbé ṣíbí sún mọ́ wọn lẹ́nu. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu páálí náà, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń lù ú, ojú wọn pọ́n. Àfi bí wọ́n ṣe dáwọ́ dúró. Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ò tó o, wọ́n wo Àǹtí.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo fa àwọn páálí ńlá náà jáde. Bàbá ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí aṣọ ìbora. Wọ́n yọ r, wọ́n yọ á. Wọ́n tẹ́ wọn síwájú Àǹtí, wọ́n tún tẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì, kí ọ̀rọ̀ náà lè pé. Kò sí r méjì, kò sí á méjì, torí náà wọ́n sún àwọn kan náà síwájú. *Rá. Rá.* Dúdú, sísanra, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó na ọrùn jáde lójú fèrèsé ọkọ̀ láti bú ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀.

Àǹtí gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n wo lẹ́tà náà, wọ́n wo ọkọ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n ní, "Mo gbọ́ o, Dírẹ́bà mi. Mo gbọ́. Ẹ má pariwo mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wá ní páálí méjì. Èyí tó dúró wà fún ìgbà tí ara bá balẹ̀, èyí tó tẹ̀ wà fún ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná. "Omi" tó dúró túmọ̀ sí kí wọ́n bu omi wá nígbà tó bá rọrùn. "*Omi*" tó sanra tó sì tẹ̀ túmọ̀ sí kíá. "Ẹ ṣeun" tó dúró wà fún àlejò. Èyí tó tẹ̀, mo rí i tí wọ́n lò ó fún Àǹtí, nígbà tí Àǹtí fá irùngbọ̀n wọn tán. Wọ́n tọ́ka sí i, wọn ò sì yọ ìka kúrò lórí ẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá Kékeré tún wá, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ṣé ara ń le?" Bàbá ronú, wọ́n sì nàka sí "*Ebi ń pa mí*," wọ́n wo Àǹtí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé páálí kan, ó wo bí àmì ṣe jókòó lórí ẹ̀ àti bí ẹnu lẹ́tà ẹ ṣe là sílẹ̀ gbàgà láìka bó ṣe sanra tó sí.

"Àǹtí," ló wí, "mo pe èyí ní àpárá lọ́jọ́sí. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ."

Òun fúnra ẹ̀ ló jókòó tì í. Ó ya àwòrán gbogbo lẹ́tà náà sínú kọ̀ǹpútà, ó ń tọ etí wọn níkọ̀ọ̀kan, Àǹtí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ń jà. Àlàfo tó wà láàárín a àti y nìkan, mo gbọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé iṣẹ́ náà ká. Nígbà tó parí, Ọ̀gá Kékeré ní orúkọ wo ni kí lẹ́tà náà máa jẹ́. Àǹtí ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Dírẹ́bà," ni wọ́n wí.

Dírẹ́bà ti rin ìrìn-àjò báyìí. Ilé ìpoògùn ń fi í kọ "*Má gbé e mì*" sára ìgò oògùn tó wà fún fífi pa ara, àwọn arúgbó sì ń rí i kà láìwá awò. Ó wà nínú ìwé àdúrà, níbi tí gbogbo ìjọ ti ń dáhùn, àti nínú ìwé kíkà àwọn ọmọdé, níbi tí ìyá ewúrẹ́ ti ń ké pe ọmọ ẹ̀. Aránṣọ kan kọ ọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó sì kọ ọ́ dáadáa, torí Àǹtí dúró tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ kan fi Dírẹ́bà tẹ odindi ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Àǹtí gbé ìwé náà wá bá mi bí ẹni gbé ẹran tó bàjẹ́. "Ata ni," ni wọ́n wí. "Ta ló ń fi ata nìkan se ọbẹ̀?"

Bàbá Dírẹ́bà ti ń sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń wúwo jáde, ó sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu, ṣùgbọ́n ó ń yé wa. Àǹtí ní ìdajì ẹ̀ ni èébú, ìdajì tó kù, àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ló bẹ Àǹtí pé kí wọ́n ṣe páálí fún àwọn aláìsàn mìíràn. Wọ́n ń gbé e lọ síbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á jókòó ti aláìsàn, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹbí ohun tẹ́ni náà máa ń sọ jù nígbà tí ara ẹ̀ le, ìyẹn ni wọ́n á sì kọ́kọ́ tẹ̀ fún un. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá kan wà níbẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àna ẹ̀ obìnrin sì dúró tì í, ó ń sọ ti ojú ọjọ́, ti ọmọ, ti aládùúgbò, láìmí. Àǹtí tẹ́ páálí sórí ibùsùn. Ìyá olùkọ́ wò wọ́n lọ, wò wọ́n bọ̀, kò fọwọ́ kan omi, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó gbé ìka lé "*Ẹ dákẹ́*," ó sì gbójú sókè wo àna ẹ̀.

Àna náà dákẹ́. Àǹtí Lẹ́tà yí ojú sí ògiri kí ẹ̀rín má bàa bọ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tí a dé ilé, wọ́n mú páálí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya "*Ẹ dákẹ́*" mìíràn fún ìyá olùkọ́ náà.